Ẹ má ta iṣẹ́ ọwọ́ yín ní gbàǹjo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ wákàtí méjì tó máa ń kẹ́yìn níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá ti di ẹrù láti ọ̀nà jíjìn lọ pàtẹ nílùú ńlá rí á mọ wákàtí tí mò ń wí.

Oòrùn ti ń rọ̀. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì ti ń ká aṣọ orí tábìlì rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro yín, ìdúró láti àárọ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ rí ọjà tó ṣẹ́ kù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ẹ ó ṣe gbé e dé ibùdókọ̀. Ìgbà yẹn gan-an làwọn kan máa ń yọ. Wọ́n ti wá lánàá, wọ́n ti gbé ọjà wò, wọ́n ti béèrè iye tó jẹ́, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ilé yín jìn. "Ṣé gbogbo èyí lẹ fẹ́ gbé padà ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á ní ìdajì."

Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Apẹ̀rẹ̀ pankẹ́rẹ́ ni mò ń hun. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, apẹ̀rẹ̀ 16 ni mo tú dà ní ìdajì owó kí ilẹ̀ tó ṣú, inú mi sì ń dùn pé ẹrù ti tán. Obìnrin kan wà tó ti ra ọ̀kan lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò ná an rárá, ó san owó rẹ̀ pé. Ó ti dojú apẹ̀rẹ̀ náà dé, ó ti fi ìka tọ ìdí rẹ̀ yíká níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ híhun, ó ní òun ò rí ibi tí mo so ó sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ó padà wá, ó fẹ́ ra ìkejì. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gba ìdajì owó lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kò bá mi jà. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tó fi kọ́ apá, ó wò mí, ó ní "Ẹ kú ọjà o," ó sì lọ.

Mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn.

Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí mo ṣe ìṣirò. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó ìsọ̀, owó ibi tí mo sùn, owó ẹni tó bá mi gbé ẹrù, gbogbo èyí ni mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò kà ni ọjọ́. Ọjọ́ kan ni mo fi di ẹrù, mo fi méjì rìn lọ bọ̀, mo fi mẹ́ta dúró ti ọjà. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko tí mi ò fi hun nǹkan kan. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí máa ń gbà mí tó ọjọ́ méjì, nítorí pankẹ́rẹ́ ní láti mu omi dáadáa kó tó ṣe é tẹ̀; ẹni tó bá kánjú tẹ gbígbẹ, yóò sán mọ́ ọn lọ́wọ́. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tí mi ò hun náà wà lára iye tí ìpàtẹ yẹn ná mi. Ẹ wá fi ìdajì owó sí i. Mo ti sanwó kí wọ́n lè bá mi kó ọjà mi lọ ni.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, pé owó tibẹ̀ kéré sí tèmi. Mi ò ní jiyàn pé owó rẹ̀ kò kéré. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀rọ lè bó pankẹ́rẹ́, ó lè là á, ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń hun apẹ̀rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnì kan ló jókòó hun ún. Owó iṣẹ́ ẹni yẹn ni wọ́n gé tí owó ọjà náà fi kéré. Tí àwa tí a dúró síwájú ọjà wa bá tún ń fi ọwọ́ ara wa gé e, ta ni yóò wá mọ ohun tí iṣẹ́ yìí tó?

Ìpàtẹ kan wà ní Santa Fe, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Indian Market. Láti ọdún 1922 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Indian, máa ń gbé ìkòkò amọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà, aṣọ híhun àti apẹ̀rẹ̀ wá. Kí ojúmọ́ tó mọ́ làwọn olùrajà míì ti máa ń dúró síwájú ìsọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń sáré bá, wọn kì í dúró de ìrọ̀lẹ́. Àwa la ń kọ́ àwọn oníbàárà tiwa pé kí wọ́n dúró de ìrọ̀lẹ́.

Ilé la ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ má gbé ju ohun tí ẹ lè gbé padà. Èmi ti yí bí mo ṣe ń hun padà nítorí èyí: ìwọ̀n márùn-ún ni mò ń ṣe báyìí, kí kékeré lè wọ inú ńlá, kí márùn-ún di ẹrù ọ̀kan. Owó ọkọ̀ àbọ̀, mo máa ń dì í sọ́tọ̀ kí n tó kúrò nílé, torí ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ kò lè sọ pé rárá. Tí mo bá fẹ́ ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó ra méjì, àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń kọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn rí i. Èyí tó bá ní àbùkù, mo máa ń yà á sọ́tọ̀, mo sì máa ń fi ibi àbùkù náà han ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò yàtọ̀. Ìkòkò wúwo, ó sì ń fọ́ lọ́nà. Tí ẹ bá lè rí ẹni tí ẹ fọkàn tán nílùú yẹn tí yóò bá yín tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù, ó sàn ju gbàǹjo lọ. Mi ò sì ní bá ẹni tí gbèsè ń dúró dè nílé wí. Àwa tí a kàn ń sá fún ẹrù ni mò ń bá wí.

Níbi ìpàtẹ tí mo lọ kẹ́yìn, mẹ́sàn-án ni mo gbé padà, ẹrù méjì péré. Wọ́n wà lórí pẹpẹ nínú yàrá iṣẹ́ mi báyìí. Mo ti nu eruku ọ̀nà kúrò lára wọn, mi ò sì yí iye tí mo kọ sí wọn padà.