Túrkì àti Amẹ́ríkà: ta ló kọ́kọ́ da ọ̀rẹ́?

Kúnlé: Láti 1952 ni Túrkì ti wà nínú àjọ NATO, tí òun, Amẹ́ríkà àtàwọn ará Yúróòpù fi ń gbèjà ara wọn. Rọ́ṣíà sì ni NATO ń ṣọ́ látilẹ̀wá. Ṣé ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà yìí kan náà ló yẹ kí Túrkì ti lọ ra S-400 tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfuurufú lulẹ̀? Oṣù keje 2019 ni èyí àkọ́kọ́ balẹ̀ sẹ́bàá Áńkárà. Lójú tèmi, Túrkì ló dalẹ̀.

Àṣàkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá 2012, àdó olóró fò wá láti Síríà, ó bọ́ sí ìlú Akçakale ní Túrkì, ó pa èèyàn márùn-ún nínú ilé wọn. Nígbà tó di 2013, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Netherlands kó Patriot, ohun ìjà tó ń já àdó olóró lulẹ̀ lójú sánmọ̀, wá fi dáàbò bo ẹnubodè. Kò pé ọdún mẹ́ta, Jámánì àti Amẹ́ríkà ní àwọn ń kó tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ ogun Síríà ṣì ń jó lala. Túrkì fẹ́ ra tirẹ̀, wọn ò fohùn ṣọ̀kan lórí owó àti lórí bóyá Amẹ́ríkà máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Bàbá Rótìmí: Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju S-400 lọ. Ní 1964, Ààrẹ Johnson kọ lẹ́tà sí İnönü, olórí ìjọba Túrkì: tó bá wọ Kíprù, tí Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà ìgbà náà, sì torí ẹ̀ kọlù ú, kó má fọkàn sí i pé NATO máa gbèjà òun. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n wọ Kíprù, Amẹ́ríkà sì fòfin de títa ohun ìjà fún wọn láti 1975 di 1978. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kúnlé: Mo gbọ́, bàbá. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n pàdánù. Wọ́n ti san nǹkan bíi $1.4 bílíọ̀nù sórí F-35, ọkọ̀ òfuurufú ogun Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ wọn gan-an ń rọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Amẹ́ríkà ti sọ fún wọn ṣáájú: ẹ̀rù ń bà á kí rádà S-400 má lọ mọ àṣírí bí ọkọ̀ náà ṣe ń fara pamọ́. Wọn ò gbọ́, wọ́n bá lé wọn jáde nínú iṣẹ́ F-35.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dárúkọ òru ọjọ́ 15 oṣù keje 2016, tí àwọn sójà kan fẹ́ fipá gbàjọba ní Túrkì. Ọkọ̀ ogun lórí afárá Bosphorus, bọ́ǹbù lórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èèyàn tó lé ní 250 kú. Gülen, àfáà ọmọ Túrkì kan, ni Túrkì ní ó wà nídìí ẹ̀, Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2024, Amẹ́ríkà ò fà á lé wọn lọ́wọ́. Ìyẹn dùn wọ́n wọra. Ṣùgbọ́n mi ò ní bo Erdoğan, ààrẹ wọn: òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, wọ́n ju oníròyìn sẹ́wọ̀n. Yúróòpù tó bá a wí lórí ẹ̀ ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀ yẹn.

Àṣàkẹ́: Ti YPG, àwọn ajagun Kurd ní Síríà, ńkọ́, màmá? Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pe PKK, àwọn Kurd tó bá Túrkì jà, ní apániláyà, ó wá kó ìbọn fún YPG tó jẹ́ àbúrò wọn.

Kúnlé: Ìyẹn ò ní kí wọ́n fi Swídìn dúnàádúrà. Oṣù karùn-ún 2022 ni Swídìn kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ NATO, ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2024 ni aṣòfin Túrkì tó gbà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títa ọkọ̀ òfuurufú ogun F-16 tó tó $23 bílíọ̀nù fún wọn.

Àṣàkẹ́: Họ́ngárì ló gba Swídìn gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Yukréìn, ta ló ti ojú omi tó wọ Òkun Dúdú mọ́ ọkọ̀ ogun lábẹ́ àdéhùn Montreux ti 1936? Ta ló ta Bayraktar, ọkọ̀ òfuurufú ogun tí kò ní awakọ̀ nínú, fún Yukréìn?

Kúnlé: Òun náà ni, mo gbà. Òun náà ni kò bá wọn fi ìyà owó jẹ Rọ́ṣíà, tí Rọ́ṣíà sì ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì fún un ní Akkuyu. Ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Bàbá Rótìmí: Kúnlé, ẹni tí wọ́n kọ irú lẹ́tà yẹn sí, ibo lo fẹ́ kó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí?