Ẹni Tó Ń Rí Díẹ̀ Kì Í Ṣe Òpùrọ́

Obìnrin kan mú ọ̀pá funfun dání wọ ọkọ̀. Ó jókòó, ó yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kíá, àwọn èrò ti ń fẹnu kó ara wọn létí: "Afọ́jú wo rèé?" Afọ́jú kọ́, òpùrọ́ sì kọ́. Àárín ojú rẹ̀ ṣì ń ríran; ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti lọ. Bí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glọ̀kómà ṣe sábà ń bá èèyàn jà nìyẹn tó bá ti wọra: ẹni náà á ka lẹ́tà wínníwínní, kò sì ní rí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti ẹlòmíràn yí padà. Àárín ojú ló bàjẹ́, bó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ó ń rìn geerege, kò sì dá ojú ọ̀rẹ́ mọ̀. Àwa á ní agbéraga ni, ó kọjá kò kí wa.

Èrò tiwa ni pé ojú méjì péré la fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí: kéèyàn ríran tàbí kó fọ́jú, kó gbọ́ràn tàbí kó dití. Àárín méjèèjì ni èrò pọ̀ sí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.2 èèyàn ni ojú ń yọ lẹ́nu. Àwọn tí etí wọn ti nílò ìtọ́jú sì lé ní mílíọ̀nù 430.

Ti etí ló tún ń dá ìjà sílẹ̀ jù. "Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbọ́." Ta ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá tàbí ìyá àgbà rí? Ìró tó tínrín, irú s àti f, ló sábà ń kọ́kọ́ sá fún etí. Wọ́n ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ ni kò yé wọn. Nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, wọ́n á gbọ́. Níbi tí ariwo wà, ó di dandan kí wọ́n máa méfò. Igbe kò sì wo èyí sàn, ṣe ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ kọjú sí wọn, ẹ rọra sọ ọ́. Bí kò bá yé wọn, ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti là á sílẹ̀ pé kí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́nà tí wọ́n lè gbà á. Nítorí náà, à ń béèrè pé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fẹnu pe orúkọ, ilé ìwòsàn ni o, ibùdókọ̀ ni o, kí wọ́n máa kọ ọ́ síta pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n bá sì kọ nǹkan sí, kí ẹnìkan máa kà á sókè. (Ìwé ìròyìn tó ń tẹ lẹ́tà wínníwínní náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.) Kí òṣìṣẹ́ kankan má sì ní kí èèyàn fi hàn pé lóòótọ́ ni òun kò gbọ́.

Bí wọ́n bá pe aláìsàn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, kí wọ́n má tíì kọ ọ́ pé kò wá. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n wá a dé orí ìjókòó.