Irọ́ ni pé àmì ààbò kò gbọdọ̀ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ bá àwọn oníná ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà Asa Dam níbí ní Ìlọrin, ẹ ní ẹ fẹ́ so kọntirólà ààbò ilé ìlọ̀ (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pa ẹ̀rọ bí ewu bá dé) mọ́ ti ilé ìdìpọ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èsì kan náà lẹ ó gbọ́: “Ọ̀gá, ẹ má dán an wò o. Ẹ jẹ́ á fa wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lọ́jọ́ tẹ́nìkan tẹ bọ́tìnnì pupa ńkọ́?”

Bó bá já, ẹ̀rọ á dúró. Kọntirólà ilé ìlọ̀ kì í dákẹ́ títí dìgbà tẹ́nìkan bá tẹ bọ́tìnnì. Àlàáfíà ló ń ròyìn léraléra, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkejì rẹ̀ ń ka àkókò. Bí àkókò tẹ́ ẹ dá fún un bá kọjá tí kò gbúròó, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó pa ẹ̀rọ. Eku jẹ okùn ni o, súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì (àpótí tí àwọn okùn ti pàdé) kú ni o, ibi kan náà ló já sí. Ṣebí bí wáyà bọ́tìnnì pupa ti ń ṣe látijọ́ náà nìyẹn: iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń rán síra wọn ní nọ́ńbà tiẹ̀, ó ní àmì ìdánimọ̀ ẹni tó rán an, ó sì ní CRC, nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti yí padà. Èyí tó bá yí padà lọ́nà, tó pẹ́, tàbí tó ṣìnà wá láti ibòmíràn, wọn ò ní gbà á. Láti 1999 tí PROFIsafe ti jáde ni irú ètò yìí ti wà. Ìlànà àgbáyé IEC 61784-3 ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má jẹ ju ìdá 1 lọ nínú 100 àṣìṣe tí wọ́n gbà láàyè. Ní SIL 3, ìyẹn ìpele ààbò kẹta, iye náà ò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú bílíọ̀nù wákàtí kan.

Àkókò tí mo ní ẹ dá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, súwíìṣì kú ó tún jí, ẹ̀rọ ti dúró. Ó sú wọn, ni ẹnìkan bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kún àkókò náà. Mítà 1.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìlànà ISO 13855 fi ṣírò ìrìn ẹni tó ń bọ̀ wá síbi ẹ̀rọ. Ìdajì yẹn túmọ̀ sí pé onítọ̀hún ti fi mítà 0.8 sún mọ́ abẹ sí i kí ẹ̀rọ tó mọ̀. Ẹ gbé súwíìṣì sórí UPS, ẹ fi àkókò náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi Modbus lásán, ètò ìbánisọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti ààbò, gbé àmì ààbò, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ àwọn oníná yẹn bá wí. Bí okùn já, ohun tí kọntirólà gbọ́ kẹ́yìn ló lè dì mú: “àlàáfíà ni.”

CRC kì í dá olè dúró o. Ní 2017, àwọn ọ̀daràn wọ kọntirólà ààbò Triconex ilé-iṣẹ́ kan ní Saudi Arabia. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí PROGRAM, ipò tó ń jẹ́ kéèyàn lè yí ètò inú rẹ̀ padà. Ẹ yí i sí RUN, ẹ yọ ọ́, ẹ fi pamọ́.

Kẹ́ ẹ tó fa ẹ̀rọ náà lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lé gbogbo èèyàn kúrò nídìí rẹ̀, ẹ tàn án, kí ẹnìkan yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹlòmíràn máa ka àkókò títí ẹ̀rọ á fi dúró pátá. Bó bá ju iye tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé lọ, ẹ má gbà á.