Àtúnṣe: hashCode tó dọ́gba kò sọ nǹkan méjì di ọ̀kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, l'Ádó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí hashCode (nọ́ńbà tí Java ń ṣírò fún nǹkan kọ̀ọ̀kan) nǹkan méjì bá ti dọ́gba, ọ̀kan náà ni wọ́n, kí ẹ má wulẹ̀ dán equals (èyí tó ń sọ bóyá nǹkan méjì dọ́gba) wò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí jshell (ibi tí a ti lè tẹ Java ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí a sì rí èsì rẹ̀), ẹ tẹ "Aa".hashCode(), kí ẹ tẹ "BB".hashCode() tẹ̀ lé e. 2112 ni méjèèjì máa gbé jáde. Ṣùgbọ́n "Aa".equals("BB") á sọ pé false (rárá). Int, ìyẹn irú nọ́ńbà odidi kan nínú Java, ni hashCode. Nọ́ńbà 4,294,967,296 péré ló wà nínú int, ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kọ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Òdìkejì rẹ̀ ni òfin Java: bí equals bá ti sọ pé true (bẹ́ẹ̀ ni), hashCode gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá tún equals kíláàsì Ilu (àpẹẹrẹ irú nǹkan tí ẹ fúnra yín ṣe) kọ, tí ẹ gbàgbé hashCode, ẹ fi new Ilu("Ado") sínú HashSet (àpò tó ń fi hashCode wá nǹkan), kí ẹ fi new Ilu("Ado") mìíràn wá a. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé contains, tó ń wò bóyá nǹkan wà nínú àpò náà, á ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀!

Nínú JUnit (irinṣẹ́ tí a fi ń dán kóòdù Java wò), ẹ fi assertEquals, tó ń wò bóyá nǹkan méjì dọ́gba, wo Ilu méjèèjì, kí ẹ sì tún fi wo hashCode wọn. equals(null), ìyẹn fífi nǹkan wé òfo, náà gbọ́dọ̀ dá false padà.

Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo gúrúùpù tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dé, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbẹ̀.