Èsì wa fún ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí adáptọ̀ 12 fóòtì (volt)

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, sà.

Ẹ ní ẹ ṣí adáptọ̀ láptọ́ọ̀pù tí a sọ di 12 fóòtì fún yín, ẹ rí i pé résísítọ̀ (nǹkan kékeré tó ń dín iná kù) kan péré la pààrọ̀, a wá gba 4,500 náírà. Ó sì tún ń kú. Ti pé kò yá lọ́jọ́ tí a dá, ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ni, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló mọ bí ìlú ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Sátidé, 31 oṣù Karùn-ún 2025, ọmọ iṣẹ́ mi tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti 2022 ló gba adáptọ̀ láptọ́ọ̀pù yín: 19 fóòtì (agbára tó ń ti iná), 3.42 áḿpì (ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde). Ohun tó kọ sínú ìwé rèé: "Kó di 12 fóòtì. Tẹlifíṣọ̀n yàrá Màmá, 3 áḿpì." Ẹ̀yin fúnra yín lẹ buwọ́ lù ú.

Résísítọ̀ kan ni lóòótọ́. Nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà níbẹ̀, TL431, òun ló ń ṣọ́ iná tó ń jáde. 2.5 fóòtì ló ń retí, résísítọ̀ méjì ló ń pín iná tó ń jáde fún un. Tìsàlẹ̀ jẹ́ kílò-óòmù 10. Tòkè jẹ́ 66, a sọ ọ́ di 38, ni 19 bá di 12. Ẹni tó bá fọwọ́ kan èyí tí kò yẹ, iná á gòkè, kapásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, á bẹ́, tẹlifíṣọ̀n á jó. Lẹ́yìn náà la fi mítà wò ó, a so gílóòbù iwájú ọ̀kadà, 35 wọ́ọ̀tì, mọ́ ọn, ó tàn gedegbe kí a tó lẹ̀ ẹ́ padà. Owó ìmọ̀ lẹ san, sà.

Ẹ tún kọ ọ́ pé "bí básì bá ti dún ló ń kú." Tẹlifíṣọ̀n yàrá Màmá wo ló ní básì, ohùn tó ń mi ilé yẹn? Amplifier mọ́tò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, lẹ lọ so mọ́ ọn! Fóòtì la rẹ̀ sílẹ̀, áḿpì kò torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Wáyà inú rẹ̀ àti dáyódù tó ń gbé iná jáde, ti 3.42 náà ni wọ́n. 12 lọ́nà 3.42, 41 wọ́ọ̀tì ni. Bí amplifier bá ń béèrè áḿpì 10, ṣe ni adáptọ̀ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣí adáptọ̀ nílé. Kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di nǹkan bí 320 fóòtì mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń béèrè pé ká sọ 19 di 5, rárá o. Ara tiransifọ́mà kan náà ni ṣíìpù tó ń darí rẹ̀ ti ń jẹun. Bí a bá rẹ fóòtì sílẹ̀ jù, ebi á pa á, á máa kú, á máa jí. A kì í gba owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta la fi ń dúró ti iṣẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Ẹ ti ṣí tiyín. Síbẹ̀, nítorí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé e wá sí Fọlágbadé, a ó lẹ̀ ẹ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì jẹ́ 4,500 yín lẹ fẹ́, a ó kà á fún yín, ṣùgbọ́n adáptọ̀ á padà sí 19 lójú yín níbẹ̀.

Màmá ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n ti ń rí tẹlifíṣọ̀n wò?