Ẹ̀rọ dára, àmọ́ ẹ wo ìgbẹ́ ọmọ ná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé èrò àwọn dókítà ò ṣọ̀kan lórí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ lára ọmọdé. Àwọn tó ń ṣọ́ra nínú wọn ni mo gbè. Tẹ́lẹ̀, inú yìnyín ni wọ́n ń gbé ẹ̀dọ̀ sí, wọ́n á sì máa sáré. Irú ẹ̀rọ kan ń fi ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, òróòro á máa jáde, dókítà á rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ odindi ti àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọmọ ọwọ́ sì rèé, ègé lásán ló sábà máa ń gbà, nígbà míì lára ìyá tàbí bàbá rẹ̀.

Ní Ọ̀fà tiwa níbí ńkọ́? Ẹyinjú ọmọ á pọ́n rúsúrúsú, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun bí ẹ̀kọ, wọ́n á ní ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi lé lóṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, irú ìgbẹ́ funfun yẹn lè jẹ́ àmì pé òróòro ò rí ọ̀nà jáde látinú ẹ̀dọ̀ ọmọ; iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà fún òróòro, kí ọmọ tó pé nǹkan bí oṣù méjì ló máa ń dára jù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà síwèé ìròyìn.