Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kọjá ká fi ìwé PDF ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni láti òkèèrè, ìwé PDF gbọọrọ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́, ó di ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tó ń dá kàwé lóru lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí ibì kan ò bá yé e, ta ni kó bi?

Bẹ́ẹ̀ ohun èlò ọ̀fẹ́ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì fọ́fọ́. Láti 2001 ni yunifásítì MIT ti kéde pé àwọn máa gbé ẹ̀kọ́ àwọn síta fún gbogbo ayé. OpenStax náà ń fún èèyàn ní odindi ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì láìgba owó. Èyí tó wù mí jù ni PhET, ìkànnì ọ̀fẹ́ téèyàn ti lè ṣe àdánwò sáyẹ́ǹsì lójú fóònù, tí onímọ̀ físíìsì Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìka fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù sójú fóònù rẹ̀, á so wọ́n pọ̀, gílóòbù á tàn. Tó bá fi wáyà lásán so orí bátìrì méjèèjì pọ̀, iná á sọ lára bátìrì. Kò sẹ́ni tó fara pa, nǹkan kan ò bàjẹ́, á tún un tò títí á fi yé e. Ìwé wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ kí olùkọ́ kàn da ogún líǹkì sórí WhatsApp, ìyẹn náà kọ́. MIT pàápàá kì í fi olùkọ́ kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó gbé síta yẹn. Olùkọ́ ló yẹ kó ti wo fídíò inú líǹkì náà tán, kó sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí ni kẹ́ ẹ wò, ìbéèrè tí ẹ ó dáhùn rèé, kó sì dá ẹni tó bá béèrè nǹkan lóhùn kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Áàpù Kiwix wà, tó ń jẹ́ kéèyàn gba Wikipedia sórí fóònù kó sì máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò tó bá wúwo, ẹ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tì í ní kíkọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìkànnì tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi gba àwọn tí yóò máa dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn lálaalẹ́.